Ẹ má fi Kilimanjaro wé Òkè Olúmọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kóra jọ láti lọ gun òkè Kilimanjaro ní Tanzania dùn ún kà, àmọ́ gbólóhùn méjì wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó bá ti gun Olúmọ láìdúró sinmi kò ní níṣòro níbẹ̀. Èkejì ni pé ọjọ́ márùn-ún ti tó, pé ẹni tó bá ní kí èèyàn san owó ọjọ́ méje fẹ́ jẹ èrè àjẹjù ni. Gbólóhùn kejì yìí ló léwu jù, torí òun ni ẹni tó ń ṣọ́ owó ná máa kọ́kọ́ dì mú.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí gíga. Orí Olúmọ l'Ábẹ́òkúta kò tó 200 mítà sí ìpele òkun. Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, máa ń mú èèyàn mí hẹlẹhẹlẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n téèyàn bá ti jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti tán. Ibi tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà ni Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, nítòsí ààlà Kamẹrúùnù, 2,419 mítà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Marangu lọ sí Kilimanjaro, ilé pákó Mandara ló máa sùn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, Mandara sì wà ní 2,720. Alẹ́ àkọ́kọ́ gan-an, ó ti sùn lókè ju ibi tó ga jù nílẹ̀ wa lọ, bẹ́ẹ̀ inú igbó ló ṣì wà, kò tíì rí orí òkè náà sójú dáadáa. Ṣóńṣó rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Uhuru wà ní 5,895. Tí èèyàn bá mí sínú lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀, ọ́síjìn tó máa rí kò ju bí ìdajì èyí tó máa rí l'Ékòó.

Òkè náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Òkè ayọnáyèéfín mẹ́ta ló so pọ̀ níbẹ̀, ní àríwá ìlà-oòrùn Tanzania, kò jìnnà sí ààlà Kenya. Shira tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn ti dàgbà jù, ó ti wó sínú ara rẹ̀, ó di pẹ̀tẹ́lẹ̀ orí òkè. Mawenzi lápá ìlà-oòrùn ga tó 5,149 mítà, orí rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn, òkúta rẹ̀ sì ń rún, ìyẹn ni wọn kì í fi í kó àwọn tó wá gbafẹ́ lọ síbẹ̀. Ọdún 1912 ni Eduard Oehler àti Fritz Klute kọ́kọ́ dé orí rẹ̀. Kibo ló wà láàárín, òun ló gbé Uhuru lérí. Shira àti Mawenzi ti kú pátápátá. Kibo ń sùn ni: nínú ihò Reusch tó wà lókè rẹ̀, èéfín ṣì ń rú, òórùn imí ọjọ́ sì ń ta síni nímú.

Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kọfí àwọn Chagga, ẹ̀yà tó ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè náà, ni èèyàn máa kọ́kọ́ bá, pẹ̀lú àwọn ojú àgbàrá tí àwọn baba wọn gbẹ́ láti darí omi òkè wọnú oko. Lẹ́yìn ìyẹn, igbó kìjikìji títí dé nǹkan bí 2,800. Lẹ́yìn igbó, koríko àti igi kúkúrú, títí kan àwọn igi Dendrosenecio tó rí bí ọ̀pẹ tí wọ́n fi aṣọ òtútù wé lọ́rùn: ewé rẹ̀ tó ti gbẹ kì í já bọ́, òun ló fi ń bo ara rẹ̀ lálẹ́. Láti 4,000 sókè, iyanrìn àti òkúta lásán. Ìhà gúúsù ni òjò ti ń pọ̀ jù. Ìhà àríwá, níbi tí ọ̀nà Rongai gbà, gbẹ díẹ̀ sí i. Ìgbà òjò ńlá ni oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, òjò kúkúrú sì ń bọ̀ ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá. Oṣù Kìíní, oṣù Kejì, àti láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹwàá ló dára láti lọ.

Yìnyín tí gbogbo ayé ń torí rẹ̀ ya fọ́tò ń tán lọ. Ní 1912 ó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 12. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní 2011, ó ku 1.76. Èyí kan ẹni tó ń gùn ún, torí àpáta tí yìnyín lẹ̀ mọ́ra ń tú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2006, òkúta já lù àwọn tó ń gba ọ̀nà Western Breach lápá ìwọ̀-oòrùn Kibo, ó pa ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, wọ́n sì ti ọ̀nà náà pa fún ìgbà kan. Ọ̀nà tí wọ́n bá ní ó yá jù tó sì lẹ́wà jù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà lókè orí rẹ̀.

Ìtàn bí wọ́n ṣe gun òkè yìí gan-an fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni. Johannes Rebmann, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere fún CMS, CMS kan náà tó rán Townsend àti Àjàyí Crowther dé Abẹ́òkúta ní 1846, ni òyìnbó àkọ́kọ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí yìnyín lórí òkè náà, ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1848. Ìkùukùu funfun ló kọ́kọ́ pè é. Ẹni tó ń mú un lọ́nà ní baridi ni, ìyẹn òtútù lédè Swahili. Onítọ̀hún mọ ohun tó ń ṣe fún èèyàn, kò wulẹ̀ ní orúkọ míì fún un ni. Ní London, William Desborough Cooley, ọ̀gbẹ́ni tó ń ya àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà láìfi ẹsẹ̀ tẹ Áfíríkà rí, ní irọ́ ni Rebmann ń pa.

Baron von der Decken àti Otto Kersten dé nǹkan bí 4,300 mítà ní 1862, wọ́n padà. Count Teleki ará Hungary dé bí 5,300 ní 1887, òun náà padà. Lọ́dún kan náà, Hans Meyer ará Leipzig gùn kọjá ibi tí Teleki dé, ó kan ògiri yìnyín, kò sì ní ohun èlò tó lè fi gùn ún. Ó tún gbéra ní 1888, àmọ́ ọ̀tẹ̀ Abushiri, tí àwọn ará etíkun fi kọjú ìjà sí àwọn Jámánì, ká a mọ́ etíkun, wọ́n mú òun àti Oscar Baumann tó ń bá a rìn, owó ìtúsílẹ̀ ni wọ́n san kí wọ́n tó bọ́.

Kí ló wá yàtọ̀ ní 1889? Ara Meyer kò ṣàdédé le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó mú Ludwig Purtscheller, ọmọ Austria tó mọ yìnyín bí ẹni mowó, dání. Ó sì pàgọ́ sókè òkè, ó ṣètò kí àwọn aláàárù máa gbé oúnjẹ láti Marangu wá bá wọn lóòrèkóòrè, kí wọ́n má bàa sáré sọ̀ kalẹ̀ nítorí ebi. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, wọ́n fi àáké gbẹ́ àtẹ̀gùn sára yìnyín, bí ogún ìgbà ni wọ́n ń sá àáké fún ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì dé etí ihò Kibo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ibi tó ga jù ṣì wà níwájú, agbára wọn sì ti tán. Wọ́n padà sí àgọ́, wọ́n sinmi, wọ́n jẹun. Nígbà tí wọ́n padà lọ, àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ ṣì wà lára yìnyín, wọ́n gbà á lọ wẹ́rẹ́, wọ́n dé orí rẹ̀ lọ́jọ́ 6. Ká ní ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n ní, ìtàn wọn ì bá dà bíi ti Teleki.

Ẹ wá jẹ́ ká ka ọjọ́ márùn-ún tí ẹ sọ yẹn lórí ìka. Ọ̀nà Marangu ni wọ́n fi ń tà á, torí ilé pákó wà níbẹ̀, kò sídìí fún tẹ́ǹtì. Géètì rẹ̀ wà ní nǹkan bí 1,870. Alẹ́ kìíní, Mandara, 2,720. Alẹ́ kejì, Horombo, 3,720. Ọjọ́ kẹta, Kibo, 4,720: èèyàn á jẹun, á fẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á jí i ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ pé ó yá. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin á mọ́ bá a lójú ọ̀nà 5,895, ó sì tún gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé Horombo lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ìlànà tí àwọn dókítà tó mọ àìsàn orí òkè ń tẹ̀ lé ni pé téèyàn bá ti kọjá 3,000, ibi tó máa sùn kò gbọ́dọ̀ fi ju 500 mítà lọ ga ju ti àná, kó sì máa yọ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìsinmi lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọ̀nà ọlọ́jọ́ márùn-ún ń fi 1,000 mítà kún un lálaalẹ́. Ìlọ́po méjì nìyẹn.

Ìdí tí ara fi nílò àkókò kò ṣòro. Kété téèyàn bá ti dé ibi gíga ni mímí ti ń yá sí i. Mímí tó yá yẹn ń da èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rú, kíndìnrín ló sì máa tún un ṣe nípa títọ èyí tó pọ̀ jù dànù, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan sì ni. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń gbọ̀n èèyàn lóru níbẹ̀. Ẹni tí kò bá dìde tọ̀ rárá ló yẹ kí ọkàn amọ̀nà máa bá lọ. Eré sísá láràárọ̀ kò lè mú kíndìnrín yára. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le gan-an ló sábà máa ń kó sí i, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbà fún un láti sáré kọjá ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá a dé. Pole pole ni àwọn amọ̀nà máa ń pariwo látàárọ̀ dalẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀sọ̀-ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gungi kúkú ni.

Ẹni tó bá fẹ́ Marangu ṣáá, kó san owó ọjọ́ mẹ́fà, kó sun Horombo lẹ́ẹ̀mejì, kó sì fi ọjọ́ àárín yẹn rìn gòkè dé Zebra Rocks ní nǹkan bí 4,000, kó padà wá sùn. Ọ̀nà Machame ọlọ́jọ́ méje sàn jù ú lọ, ọ̀nà Lemosho ọlọ́jọ́ mẹ́jọ sì tún sàn ju ìyẹn. Ohun tó mú kí méjèèjì dára ni àpáta gíga kan tí wọ́n ń pè ní Lava Tower: èèyàn á gùn dé nǹkan bí 4,600 lọ́sàn-án, á jẹun níbẹ̀, orí á fọ́ ọ díẹ̀, á wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco tí kò tó 4,000. Ara á ti rí ibi gíga, kò sì ní sùn níbẹ̀. Lóòótọ́, ojoojúmọ́ ni ọgbà ìjọba ń gba owó, torí náà ọjọ́ méjì tó lé yẹn á wọ àpò. Kéèyàn gun òkè dé 5,000, kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ alágbàá kan gbé e wálẹ̀, òun náà lówó tó ń gbà.

Òru tí wọ́n ń gun orí rẹ̀ yẹ kéèyàn mọ̀ bó ṣe rí. Ìdí tí wọ́n fi ń gbéra ní ààjìn ni pé òtútù ti dì òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lára Kibo mọ́ra. Tí oòrùn bá ti mú un, á tú, téèyàn bá gbé ẹsẹ̀ méjì, á yọ̀ padà ní ọ̀kan. Òtútù lè já sí ìwọ̀n 15 lábẹ́ òdo tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ kan, èémí kan, iná orí ẹni tó wà níwájú nìkan lojú ń rí. Omi tó wà nínú rọ́bà téèyàn ń fà mu á dì láàárín wákàtí àkọ́kọ́, àyàfi tó bá ń fẹ́ omi náà padà sínú àpò lẹ́yìn tó bá mu tán. Ìgò ló sàn, kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú báàgì, torí òkè omi ló ń kọ́kọ́ dì. Fóònù àti bátìrì, abẹ́ aṣọ mọ́ ara ni kí wọ́n wà. Lọ́nà Marangu, Gilman's Point, létí ihò Kibo, ní nǹkan bí 5,685 ni èèyàn á kọ́kọ́ yọ sí, ọ̀pọ̀ ló sì ń rò pé ó ti parí níbẹ̀. Ó ku wákàtí kan àbọ̀ sí méjì kí wọ́n tó rí Uhuru. Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń ba orúnkún àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ jẹ́: ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ má sì wọ bàtà tuntun débẹ̀.

Ẹ̀fọ́rí díẹ̀ kì í ṣe ìṣòro. Ẹ̀fọ́rí tó bá èébì, òòyì tàbí àìlèjẹun rìn, a kì í bá a gòkè, ojú kan la ń dúró sí. Ewu méjì ló wà lẹ́yìn ìyẹn. Tí èèyàn bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, kí wọ́n ní kó fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka lórí ìlà tó gún. Tí kò bá lè rìn ín, ọpọlọ rẹ̀ ti ń wú. Tó bá sì jókòó jẹ́ẹ́ tó ṣì ń mí gúlegúle, tó ń wúkọ́ tí itọ́ rẹ̀ ń hó, omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìsàlẹ̀ ni oògùn méjèèjì, lóru kẹ̀, nínú òjò kẹ̀. Ọ́síjìn inú àgbá àti oògùn dexamethasone kàn ń ra àkókò ni. Oògùn Diamox mílígíráàmù 125 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú gígùn, máa ń ran ara lọ́wọ́, á sì mú kí ọmọ ìka máa jẹni wínníwínní. Ẹni tí Fansidar tàbí Septrin máa ń yọ lára gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó lò ó, torí wọ́n bára tan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìwé òyìnbó máa ń fò kọjá, tó sì jẹ́ tiwa gan-an: jẹ́nótáìpù. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ọ̀pọ̀ AS ló ti gun Kilimanjaro tí ohunkóhun ò ṣe wọ́n, àmọ́ níbi tí ọ́síjìn ti kéré, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn lè ká kò nínú ọlọ inú, kí ẹ̀jẹ̀ má ráyè débẹ̀ mọ́. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ìrora lójijì lábẹ́ egungun ìhà òsì, nígbà míì pẹ̀lú èébì àti ibà. Amọ̀nà tí kò mọ̀ pé AS ni onítọ̀hún á pè é ní inú rírun, á fún un ní oògùn inú, wọ́n á sì máa gòkè lọ. Kí AS sọ fún amọ̀nà ní géètì, kó mu omi lítà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, kó yan ọ̀nà ọlọ́jọ́ púpọ̀, kó sì sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí ìhà òsì bá mú un. SS àti SC, kí wọ́n má lọ. Kò sí ẹni tó ń fi fòníkú-fọ̀la-dìde dán òkè wò.

Ẹrù ńkọ́? Báàgì tí aláàárù máa bá èèyàn gbé kò gbọ́dọ̀ ju kílò 15 lọ, wọ́n ń gbé e sórí òṣùwọ̀n. Tanzania ti fòfin de àpò láílọ́ọ̀nù láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2019, torí náà kí àwọn tó máa ń fi láílọ́ọ̀nù dúdú di gbogbo nǹkan wá àpò aṣọ. Káàdì yẹ́lò fífà gidi ni kí wọ́n mú lọ, èyí tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Kí ẹni tó bá dirun ńlá kọ́kọ́ fi fìlà òtútù rẹ̀ dánra wò nílé. Fìlà tí kò bá bo etí kò wúlò.

Ó ku ti fọ́tò yín. Ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé Hans Meyer nìkan ló kọ́kọ́ gun òkè náà. Ẹ fi orúkọ Purtscheller sí i. Ọjọ́ tó pé ọmọ ogójì ọdún gan-an ló débẹ̀. Mwini Amani ará Pangani ló dúró tì wọ́n ní àgọ́ òkè tó ń dáná, Meyer fúnra rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn Chagga ní Yohani Kinyala Lauwo, ọmọ Marangu, ló mú wọn lọ́nà, ìjọba Tanzania sì bu ọlá fún un ní 1989, nígbà tí gígùn àkọ́kọ́ náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Kaiser-Wilhelm-Spitze ni Meyer sọ ṣóńṣó náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1961, Alexander Nyirenda, ọmọ ogun Tanganyika bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ náà nígbà yẹn, gbé àsíá òmìnira dé orí rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ló di Uhuru, òmìnira náà sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ àtijọ́ ni ẹ tẹ̀ sábẹ́ fọ́tò náà.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn